Sẹ̀gilọlá kò ní fóònù, àmọ́ gbogbo Èkó ló ń tẹ̀ lé e

Ẹ fara balẹ̀ o, thread yìí máa gùn. Bó bá jẹ́ inú dáńfó lẹ wà, ẹ fi í pamọ́ di alẹ́.

Ní oṣù keje ọdún 1929, lẹ́tà kan jáde nínú ìwé ìròyìn Yorùbá kan l'Ékòó. Obìnrin àgbàlagbà kan ló ní òun kọ ọ́. Ó ní àìsàn ti gbé òun dè, ó ní ìṣẹ́ ń ṣẹ́ òun, ó sì ní òun fẹ́ sọ gbogbo ohun tí òun fi ìgbà èwe òun ṣe kí ikú tó dé. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, Ẹlẹ́gbẹ̀rún Ọkọ Láyé.

Ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ. Ẹgbẹ̀rún! Ẹ wá sọ fún mi pé ẹ ò ní dúró kà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà mìíràn jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, òmíràn. Báyìí ló ń bá a lọ títí di oṣù kẹta ọdún 1930. Àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú. Ẹnì kan tiẹ̀ fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun fún ìyá náà, kó fi tọ́jú ara rẹ̀.

Kò sí ìyá kankan níbì kan. Olóòtú ìwé ìròyìn náà, Isaac B. Thomas, ló jókòó tó kọ gbogbo rẹ̀.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá rèé. Nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé kan tí mo máa ń lọ ní Yábàá níbí (mi ò ní dárúkọ wọn), a fẹ́ yan ìwé tí a máa kà lóṣù tó ń bọ̀. Mo ní ká mú ìwé Yorùbá kan. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Yorùbá kọ́ lèèyàn fi ń gbádùn ìwé, WAEC lèèyàn fi í ṣe." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn wá fi kún un pé àṣà kí èèyàn máa péjọ sọ̀rọ̀ lórí ìwé, ọ̀dọ̀ òyìnbó ló ti wá, pé íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwa ọ̀dọ́.

Ẹni tó sọ ti WAEC, mo gbà pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn. Ẹnì kejì yẹn gan-an ni mò ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Èkó ìgbà náà. Láàárín ọdún bíi mẹ́fà péré, ìwé ìròyìn Yorùbá hù bí olú. Èkó Akéte ti Adéoyè Dẹ́nígà bẹ̀rẹ̀ ní 1922. Elétí Ọfẹ ti E. A. Akíntàn tẹ̀ lé e ní 1923. Ní 1924, D. A. Ọbasá dá The Yoruba News sílẹ̀ n'Íbàdàn. Èkó Ìgbẹ̀yìn dé ní 1926. Ní 1928, Thomas gbé Akéde Èkó tiẹ̀ jáde. Ẹ tiẹ̀ wo orúkọ yẹn náà ná: Elétí Ọfẹ. Ẹni tí etí rẹ̀ mú, tí kò sí ohun tí wọ́n sọ nílùú tí kò ní gbọ́. Bó bá jẹ́ lónìí ni, ẹ̀yin gan-an lẹ máa kọ́kọ́ gba orúkọ yẹn fún account yín.

Akéde Èkó kò ki Yorùbá nìkan bọ inú. Ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ apá kan, ó ń fi Yorùbá kọ apá kan, torí irú èèyàn tó ń kà á nìyẹn: akọ̀wé ọ́fíìsì, olùkọ́, oníṣòwò, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì jíṣẹ́ lọ́sàn-án, tí wọ́n sì ń fi Yorùbá ṣeré lálẹ́. Ẹ ò rí i pé àwa náà nìyẹn?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ìtàn náà fúnra rẹ̀, torí kì í ṣe orúkọ oníyẹ̀yẹ́ yẹn nìkan ló jẹ́ kó tà.

Àkọ́kọ́ ni pé Sẹ̀gilọlá mọ Èkó. Ó ń dárúkọ àdúgbò àti òpópónà tí ẹni tó ń kà á lè rìn dé kí iṣu tó jinná. Ó ń rántí àwọn orin tí wọ́n ń kọ l'Ékòó nígbà tó wà léwe, ó ń kọ wọ́n sínú lẹ́tà. Ó ń pòwe, ó ń da orin ìjọ pọ̀ mọ́ orin ìta. Ẹni tó ti tó ogójì ọdún tó bá kà á, ó dájú pé ó máa ní, "Àní mo mọ orin yẹn!" Ẹni tó bá sì mọ orin náà, báwo ló ṣe fẹ́ sọ pé irọ́ ni obìnrin náà ń pa?

Èkejì, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n Thomas pọ̀ sí jù lójú tèmi, ni pé kò dárúkọ àwọn ọkùnrin. Sẹ̀gilọlá á sọ̀rọ̀ dé ibi tó dùn jù, á ní ọkùnrin kan báyìí wà, èèyàn ńlá ni l'Ékòó, ṣùgbọ́n òun ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni! Ìkànìyàn ọdún 1931 fi hàn pé nǹkan bí 126,000 èèyàn ló wà l'Ékòó. Ìlú tí èèyàn ti lè mọ ìyá ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní "èèyàn ńlá kan", mélòó ni èèyàn ńlá ọ̀hún? Ẹ wá fojú inú wo irú ìméfò tó máa ń lọ ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ́jọ́ tí ìwé ìròyìn bá jáde.

Àṣírí tí wọ́n bá sọ tán kì í mú èèyàn padà wá. Àbọ̀ àṣírí ló ń mú un padà wá. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "mo ń bọ̀ wá parí ẹ̀ lọ́la" mọ ohun tí mò ń sọ.

Lóòótọ́, Thomas ní ìkìlọ̀ ni òun fi ìtàn náà ṣe fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin. Ìwàásù ló fi bẹ̀rẹ̀, ìwàásù ló fi parí. Ṣùgbọ́n àárín ibẹ̀, òfófó ni. Mi ò rò pé ìwàásù ló ń mú kí àwọn èèyàn retí èyí tó ń bọ̀. Ẹ sì jẹ́ kí n fi èyí kún un, kó má di pé mo ń fi àdídùn bo nǹkan: ọkùnrin ló ń fi ẹnu obìnrin sọ̀rọ̀, ó sì fi ìyà jẹ obìnrin náà dé òpin ìtàn. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ̀rún ọ̀hún ńkọ́? Wọ́n wà nílé wọn, orúkọ wọn wà ní bíbò. Ìyẹn nìkan tó ohun tí a lè fi odidi ọ̀sán Sátidé jiyàn lé lórí.

Àmọ́ ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí jù nìyí: àwọn òǹkàwé fèsì, èsì wọn sì jáde nínú ìwé ìròyìn kan náà. Ẹni tó ń ka Sẹ̀gilọlá lọ́sẹ̀ yìí lè rí ohun tí ará ìlú kan sọ nípa lẹ́tà tó ti kọjá. Àwọn kan ń káàánú rẹ̀. Àwọn kan ń yin ìtàn náà pé ó ń kọ́ni lọ́gbọ́n. Àwọn kan sì ń bẹ olóòtú pé kó jọ̀ọ́, kó kó gbogbo rẹ̀ jọ di ìwé, kí àwọn lè tọ́jú rẹ̀. Ní 1930, ó kó o jọ di ìwé lóòótọ́.

Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Òǹkàwé ló béèrè fún ìwé kí ìwé tó wà. Kì í ṣe ilé ìtẹ̀wé tó wá ń bẹ èèyàn kó wá rà. Kì í ṣe olùkọ́ tó mú pàṣán dání. Ìjíròrò ló bí ìwé.

Bí ẹnì kan bá wá sọ pé Thomas fúnra rẹ̀ ló kọ díẹ̀ lára àwọn lẹ́tà òǹkàwé yẹn láti fi koná mọ́ ọ̀rọ̀, mi ò ní bá a jà. Ẹni tó dá odidi obìnrin sílẹ̀ lórí bébà, lẹ́tà òǹkàwé méjì mẹ́ta kò lè nira fún un. Tó bá tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ń sọ fún wa ni pé ó mọ̀ pé èsì ló ń mú ìtàn lọ síwájú. Ọdún 1929 nìyẹn o, ẹ̀yin influencer.

Kì í sì ṣe ẹni tó mọ̀wé kà nìkan ló ń gbọ́ ọ. Láyé ìgbà náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà ló ń ka ìwé ìròyìn sókè fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn náà sì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1901, tó fi jẹ́ pé ohun tí wọ́n tẹ̀ l'Ékòó lè dé Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin tuntun ní Alágoméjì lónìí, ọ̀nà tí òfófó Sẹ̀gilọlá máa gbà rèlú òkè kò jìnnà síbẹ̀.

Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sẹ́yìn ju ìyẹn lọ, ọ̀nà wà. Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá 1859. Ní 1866, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní The Academy, níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ àsọyé, tí wọ́n ti ń ṣàríyànjiyàn. Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ni baba ìsàlẹ̀ wọn. Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lẹ́nu wọn, kọ́là pọ̀ lọ́rùn wọn. Mi ò ní dúró pẹ́ níbẹ̀.

Ó dáa, bí Èkó bá ti ń ka ìtàn Yorùbá báyìí ní 1929, báwo ló ṣe wá di èdè WAEC?

Ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará àdúgbò mi, ọ̀rọ̀ náà gba Yábàá kọjá.

Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó. Ní 1928, ọdún tí Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀, ìjọba dá Lagos Executive Development Board sílẹ̀ láti tún ìlú ṣe, Yábàá sì wà lára ibi tí wọ́n la òpópónà sí fún àwọn tó ń kúrò ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1934, wọ́n ṣí Yaba Higher College, níbi tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tí orí wọn pé jù. Ní oṣù kọkànlá 1937, Nnamdi Azikiwe gbé West African Pilot jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Commercial Avenue kọjá lójoojúmọ́ láìwo ọ̀tún wo òsì, nọ́ńbà 34 ni ilé ìtẹ̀wé Zik wà. Yábàá níbí.

Mi ò bá Zik jà. Ẹni tó fẹ́ kí ará Kàlàbá, ará Kánò àti ará Èkó jọ bínú sí òyìnbó lọ́jọ́ kan náà kò lè fi Yorùbá kọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì ló kàn. Àmọ́ ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi ìwé jiyàn, tó fẹ́ kí wọ́n rí lẹ́tà òun kí wọ́n sì fèsì sí i, ibi tí ariwo wà ló ń lọ. Ariwo sì ti di Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún kan péré lẹ́yìn Pilot, ní 1938, ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti D. O. Fágúnwà jáde lábẹ́ Church Missionary Society. Àwọn náà ló ni CMS tí agbèrò ń pariwo rẹ̀ ní Marina. Ilé ìtàwé wọn ti wà níbẹ̀ láti ọ̀rúndún tó kọjá sí ìyẹn. Ìwé Fágúnwà yìí ni wọ́n máa ń pè ní ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ ní Yorùbá. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan ti wá ń sọ báyìí pé Sẹ̀gilọlá ló ṣáájú. Ẹ lè bá ara yín fa ìyẹn. Bó bá jẹ́ tìtayọ ni, Fágúnwà ga ju Thomas lọ fíìfíì, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni máa bá mi jiyàn.

Ohun tó yàtọ̀ ni ọ̀nà tí ìwé gbà dé ọwọ́ òǹkàwé. Ti Fágúnwà jáwé olúborí nínú ìdíje tí ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ gbé kalẹ̀, ilé-ìwé ló sì gbé e ká ilẹ̀ Yorùbá. Ìyẹn ló jẹ́ kó tà, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wa máa rántí ìbéèrè ìdánwò nígbàkígbà tí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Sẹ̀gilọlá béèrè lọ́wọ́ òǹkàwé pé: kí lo rí sí ọ̀rọ̀ mi? Olùkọ́ béèrè pé: kọ ìwà ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta, kí o sì ṣàlàyé wọn. Yorùbá kò kú. Wọ́n kàn wọ aṣọ ilé-ìwé fún un, wọn ò sì jẹ́ kó bọ́ ọ lẹ́yìn aago méjì.

Kì í ṣe pé ibi gbogbo dákẹ́ o. Ní 1967, ìwé Atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti Ìlúpéjú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Múṣin níbẹ̀ yẹn: wọ́n ń ya àwọn òṣèré tíátà ní fọ́tò, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sí ara fọ́tò. Ẹ bi àwọn ìyá yín. Ní 1969, Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde: Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, pẹ̀lú Tàfá Ìgírípá, ń lé olè kiri Ìbàdàn. Bí ẹ bá fẹ́ràn ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tẹ́ ò sì tíì ka ìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi thread yìí sílẹ̀ ná, ẹ lọ wá a. Mo ń dúró.

Nísinsìnyí ńkọ́? Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta 2012, Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ọ̀rẹ́ ṣètò ọjọ́ kan tí gbogbo èèyàn á fi Yorùbá kọ̀rọ̀ sórí Twitter, kí àwọn tó ni Twitter lè rí i pé a wà. Ọdún 2012 yẹn gan-an ni Sẹ̀gilọlá padà. Karin Barber, òyìnbó tó ti kọ́ni ní Ifẹ̀, tó sì bá àwọn òṣèré Oyin Adéjọbí ṣeré lórí ìtàgé, tún ìtàn náà tẹ̀ ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú àlàyé lórí Thomas àti ìwé ìròyìn ìgbà rẹ̀. Brill ló tẹ̀ ẹ́, ní Leiden, nílẹ̀ Nẹ́dálándì. Obìnrin Ìsàlẹ̀ Èkó ni o, Nẹ́dálándì ló gbà padà wálé. Owó ìwé náà kì í sì ṣe owó ọmọ ilé-ìwé. Mo ti bi àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ ní Yábàá léèrè. Ọ̀kan wò mí títí, ó ní òun ò ní Sẹ̀gilọlá, àmọ́ Sidney Sheldon wà.

Àwọn ibi ìpàdé pọ̀ báyìí, mi ò lè purọ́. Àjọ̀dún ìwé tí ẹgbẹ́ CORA dá sílẹ̀ l'Ékòó ti wà láti 1999. Aké Festival bẹ̀rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta ní 2013, ó sì kó wá s'Ékòó ní 2018. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ ní 2017 ń gbé ìwé àti ewì Yorùbá jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tí kò bá tíì mọ̀ wọ́n kó lọ wá wọn. Ní Yábàá níbí, kò sí oṣù tí mi ò ní gbọ́ pé wọ́n ń ka ìwé níbì kan, tàbí pé wọ́n ń pààrọ̀ ìwé níbì kan.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń dámọ̀ràn ìwé fún ara wa. A ó ya fọ́tò èèpo ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife kọfí. A ó fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. A ó ní "ẹ gbọ́dọ̀ kà á". Ó tán. Àwọn òǹkàwé Sẹ̀gilọlá kò fún un ní ìràwọ̀ kankan. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n méfò lórí rẹ̀, wọ́n káàánú rẹ̀, wọ́n tọwọ́ bọ àpò nítorí rẹ̀. Wọ́n sì ń dúró dè é láti ọ̀sẹ̀ kan dé èkejì.

Èmi rò pé dídúró dè é yẹn ni a pàdánù, ju èdè lọ. Ìwé tí gbogbo wa bá dá kà tán lóru kan, kò sẹ́ni tó máa bá ẹnì kejì méfò lórí rẹ̀ láàárọ̀.

Nítorí náà, mo ti bá àwọn mẹ́rin kan sọ̀rọ̀. A rí ẹnì kan tó ní ẹ̀dà ìwé Barber. Láti oṣù tó ń bọ̀, lẹ́tà Sẹ̀gilọlá kan ṣoṣo la máa kà lọ́sẹ̀, ní aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé, ní Yábàá. Ẹnì kan á kà á sókè. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí ní Peckham á gbọ́ ọ lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí kò mọ Yorùbá kà dáadáa, kó wá bẹ́ẹ̀, etí nìkan la nílò. Kò sẹ́ni tó máa béèrè àmì ohùn lọ́wọ́ yín. Àwọn ará 1929 fúnra wọn, "aiye" ni wọ́n ń kọ. Òfin kan ṣoṣo ló wà: ẹni tó bá ti ka ìyókù kò gbọdọ̀ sọ ohun tó kàn.

Ẹni tó bá fẹ́ wá, kó fi ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, mà á fi àdírẹ́sì ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ò ní lè wá, ẹ bá mi dáhùn èyí sísàlẹ̀: ìwé Yorùbá wo lẹ kà gbẹ̀yìn tí kì í ṣe olùkọ́ ló ní kẹ́ ẹ kà á, ta lẹ sì bá jà nínú rẹ̀?